Áàpù ìwé Yorùbá fáwọn tí ojú wọn ò ríran: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọKúbwà:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣe sọ́fítíwìà níbí l'Ábújá fẹ́ ṣe áàpù kan táwọn tí ojú wọn ò ríran, àtàwọn tó ń rí bàìbàì, á fi máa ka ìwé Yorùbá, ìwé ìtàn o, ìwé ìròyìn o, ìwé iléèwé o. Ohun tó fà á ni pé bàbá ìyàwó mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti mú ojú wọn kan lọ, èkejì náà ti ń ṣe bàìbàì, bẹ́ẹ̀ ìwé kíkà la mọ̀ wọ́n mọ́, ní báyìí àfi kí ọmọ ilé kan jókòó tì wọ́n kó máa kà á sí wọn létí, táwọn ọmọ bá wá ti lọ síléèwé, ó parí nìyẹn, rédíò ló kù. Ohun tá a ní lọ́kàn ni ohùn ẹ̀rọ tó máa ka ìwé sókè, lẹ́tà ràbàtà-ràbàtà, àti bọ́tìnnì pupa ńlá kan láàárín tí wọ́n kàn máa tẹ̀. Kí lẹ rí sí i? Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ o, ẹ bá wa ro ìyẹn mọ́ ọn.

Lọ́yà_Wùsé:
Ọlọ́run á ti iṣẹ́ yín lẹ́yìn. Afọ́jú ni mí láti kékeré, iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe ní Wùsé níbí. Lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, NVDA ni mò ń lò, screen reader ni, ìyẹn sọ́fítíwìà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀fẹ́ ni, Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006, James Teh wá dara pọ̀ mọ́ ọn, afọ́jú làwọn méjèèjì. Lórí fóònù Android mi, TalkBack ni, irú ẹ̀ náà ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí bọ́tìnnì pupa tẹ́ ẹ sọ yẹn. Mi ò rí pupa, mi ò sì rí àárín. Tí mo bá ṣí áàpù, màá fi ìka kan gbá ojú fóònù sápá ọ̀tún, TalkBack á pe ohun àkọ́kọ́, màá tún gbá a, á pe èkejì, tó bá ti kan èyí tí mò ń wá, màá tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra wọn lèmi mọ̀. Tẹ́ni tó ṣe áàpù ò bá kọ orúkọ bọ́tìnnì sínú kóòdù, ohun tí mo máa gbọ́ ni "unlabelled button", "unlabelled button", "unlabelled button", títí á fi sú mi, mi ò ní mọ èyí tó ń ka ìwé nínú wọn àtèyí tó ń pa á rẹ́. Ẹ kọ orúkọ sára gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá: Ka ìwé, Dúró díẹ̀, Orí tó kàn, Padà sẹ́yìn.

Ẹ má tún lọ gbé ohùn tiyín lé ohùn TalkBack lórí. Mo ti rí áàpù tó jẹ́ pé bó o bá ṣe ṣí i, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, TalkBack ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa pariwo. Ìwé nìkan ni kí ohùn tiyín máa kà, ẹ jẹ́ kí TalkBack máa bójú tó bọ́tìnnì. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kálukú yan bí ohùn á ṣe yára tó, èmi a máa gbọ́ ọ kíákíá gan-an tó jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó tì mí ò ní mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á fẹ́ kó rọra.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá máa gba owó, ẹ yẹ ojú-ewé ìsanwó wò dáadáa. Áàpù bánkì kan wà tí mo lò rí, wọ́n ní torí ààbò, wọ́n ń da àwọn nọ́ńbà tá a fi ń tẹ PIN rú, TalkBack ò sì lè kà wọ́n, àfi kí n pe èèyàn kó bá mi tẹ PIN mi. Ààbò wo ló wá wà níbẹ̀?

Akọ́mọlédè_Zaria:
Lọ́yà ti sọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ jẹ́ n fi kún un láti apá ibi tèmi. Ohùn kọ́ ni wàhálà yín àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ inú ìwé gan-an ni. Ẹ gba fáìlì ìwé Yorùbá márùn-ún lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ "ẹ́" inú ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn. Nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ, ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, à àti é náà ní tiwọn, àmọ́ ẹ́ tàbí ọ̀ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ńṣe lẹ máa mú ẹ kẹ́ ẹ wá fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíì á mú e lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi àmì òkè. Ẹlòmíì, dípò àmì tótótó yẹn, ìlà kékeré olóròó ló máa fi sábẹ́ ẹ̀. Lójú, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí bàbá bá wá nǹkan nínú ìwé wọn ò ní rí i, ohùn ẹ̀rọ náà á máa ka ọ̀kan dáadáa á máa gé èkejì jẹ. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ láyé ìgbà tó jẹ́ pé fọ́ńtì àdáṣe ni wọ́n ń lò tún wá burú jù, torí lẹ́tà míì tàbí àmì owó ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, fọ́ńtì ló kàn ń yà á bí ẹ, screen reader ò sì mọ fọ́ńtì, ohun tó wà nísàlẹ̀ ló máa kà.

Torí náà ẹ kọ kóòdù kékeré kan tí gbogbo ìwé á gba inú ẹ̀ kọjá kó tó wọ áàpù. NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ lóríṣiríṣi di ọ̀kan, á bá yín mú méjì àkọ́kọ́ yẹn bára mu, ìlà olóròó yẹn ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pààrọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé èdè ẹ̀ ni "yo", àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ Yorùbá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn òyìnbó ni fóònù máa fi kà á, ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ohùn òyìnbó rí mọ̀ pé kò ṣe é gbọ́. Níbi ìwákiri, ẹ jẹ́ kéèyàn lè wá ọ̀rọ̀ láìfi àmì kankan sí i.

Ní ti ohùn Yorùbá fúnra ẹ̀, ó ti wà. Meta tó ni Facebook gbé ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ohùn jáde lọ́dún 2023, MMS ni wọ́n pè é, Yorùbá wà nínú ẹ̀, àmọ́ àṣẹ tí wọ́n fi gbé e sílẹ̀ ò gbà kéèyàn fi ṣòwò. BibleTTS ti 2022 náà ní Yorùbá àti Hausa, Bíbélì kíkà ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ sì máa gbọ́ ọ nínú ìró ẹ̀. Ibi tí gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀ ni ìwé tí ò lámì ohùn. "Igba" lásán, ṣé igba owó ni, àbí igbá, àbí ìgbà? Èèyàn á mọ̀ ọ́n láti inú gbólóhùn, ẹ̀rọ á kàn dì í mú bákan. Ẹ̀rọ tó ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ wà, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kà á lẹ́yìn ẹ̀.

ỌmọKúbwà:
Háà, ẹ ṣé gan o. A ò ronú kan ọ̀rọ̀ kóòdù lẹ́tà yẹn rárá, a rò pé tá a bá ti rí ohùn, ó tán. Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, bọ́tìnnì pupa ti lọ.

Nọ́ọ̀sìOjú_Kàdúná:
Ẹ má tíì jẹ́ kó lọ pátá, àwọn tó ṣì ń rí díẹ̀ lè fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì ojú ni mí. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ò tíì fọ́jú pátápátá, ohun tí kálukú wọn sì ń rí ò jọra. Ẹni tí glaucoma mú, ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, tó bá wọra tán ó dà bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Tẹ́ ẹ bá wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà ràbàtà, lẹ́tà méjì péré ló máa wọ ibi tó ń rí, kò ní rí odidi ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra wọn máa fà á kó tóbi kó kéré títí wọ́n á fi dé ibi tó bá ojú wọn mu. Ẹni tí cataract mú ní tiẹ̀, ìyẹn kí lẹ́ǹsì inú ojú ṣú bíi kùrukùru, ìmọ́lẹ̀ ló ń dà á láàmú, ojú fóònù tó funfun báláú á máa ta á lójú, lẹ́tà funfun lórí dúdú ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn àfín náà bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú oòrùn apá ibí yìí. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé lórí dúdú yẹn gan-an ni lẹ́tà á ti máa fọ́n ká lójú ẹ̀. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ kí kálukú mú tiẹ̀, kí áàpù sì rántí ohun tó mú lọ́jọ́ kejì.

WCAG, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bù àti áàpù táwọn aláàbọ̀ ara á lè lò, ní kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn ẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1, ti lẹ́tà ńlá lè jẹ́ 3 sí 1. Àwọ̀ eérú lórí funfun táwọn tó ń ṣe áàpù fẹ́ràn yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n wò. Téèyàn bá sì fẹ lẹ́tà, kí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ wá sísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa fa ojú-ewé sọ́tùn-ún sósì kó tó ka ìlà kan tán.

Èyí tó wá jẹ́ ti Yorùbá gan-an, mi ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ọ́: àmì abẹ́ ẹ, ọ, ṣ ló kọ́kọ́ máa ń sọnù lójú àwọn èèyàn wa. Tí ìlà bá sún mọ́ra jù, àmì orí ọ̀rọ̀ ìlà ìsàlẹ̀ á lọ fara kan àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ ìlà òkè, gbogbo ẹ̀ á wá di ìdọ̀tí lójú ẹni tó ń rí bàìbàì. Ẹ fi àyè sáàárín ìlà, ìlọ́po kan àtààbọ̀ ó kéré tán. Ẹ má fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ láti fi hàn pé link ni, ìlà yẹn ń bo àmì ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ pátá, àwọ̀ tó dúdú dáadáa tàbí àpótí ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ tó mú fọ́ńtì kankan, ẹ tẹ Ẹ́ Ọ̀ ẹ̀ ọ́ ṣ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àmì òkè jókòó sórí lẹ́tà tó ni ín àbí ó ti rìn lọ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Noto Sans ṣe dáadáa níbi tí mo ti wò ó.

FóònùBanex:
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi fóònù ni mò ń tà ní Banex l'Ábújá, ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni màá sọ. Àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é fún, itel àti Tecno olówó pọ́ọ́kú ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àyè inú ẹ̀ ò tó nǹkan, WhatsApp ti gbà á tán. Áàpù yín gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó sì ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kéèyàn wa ìwé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó máa kà á nílé. Ẹ ṣèṣirò ẹ̀: ìwé kíkà wákàtí kan tẹ́ ẹ bá gbà sílẹ̀ ní 128 kbps, bíi 58 MB ni, ní 32 kbps bíi 14 MB, ohùn èèyàn tó ń kàwé ò sì nílò ju ìyẹn lọ, orin kọ́. Ọ̀rọ̀ odidi ìwé ìtàn kan láìsí àwòrán ò lè tó 2 MB. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ lásán lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, kí ẹni tí dátà ẹ̀ kéré mú èyí tápá ẹ̀ ká.

Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: lórí ọ̀pọ̀ Android báyìí, téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, TalkBack á ṣí, bí wọ́n bá ti tò ó sílẹ̀. Tí ò bá sí nínú fóònù, ẹ wá Android Accessibility Suite lórí Play Store. Àwọn ọmọ ló máa ń bá bàbá wọn ra fóònù lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sì ṣe áàpù tó jẹ́ pé dandan ni kéèyàn ki yíàpíìsì sí etí méjèèjì, ẹni tí ò ríran nílò etí kan fún títì, kẹ̀kẹ́ ò ní dúró dè é.

Ìyá_Sábọ́nGàrí:
Kánò ni mo wà. Èmi ni mò ń ka ìwé sínú WhatsApp fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, voice note lórí voice note. Ẹ gbọ́ o, ohùn ẹ̀rọ ò lè ka ewì, kò lè ka oríkì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ló máa fi adùn sí i. Ẹ má sọ pé ẹ̀rọ ló máa ka gbogbo ẹ̀. Ìṣòro tèmi ni pé tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ tún apá kan gbọ́, wọn ò mọ voice note tó wà, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún bá ọ̀rọ̀ àdúgbò àti orin pàdé láàárín ẹ̀. Ọjọ́ mìíràn oorun á gbé wọn lọ, ìwé á máa kà lọ, tí wọ́n bá jí wọn ò mọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Akọ́mọlédè_Zaria:
Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìfẹ́. Ohun tẹ́ ẹ ń wá yẹn ti wà láti ọdún gbọọrọ, òun ni wọ́n ń pè ní DAISY, àjọ tó ń mójú tó o ti wà láti 1996. Ó máa ń so ohùn yín mọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé, kéèyàn lè fo orí kan, kó fo ìpínrọ̀ kan, kó padà. EPUB 3, oríṣi fáìlì ìwé tí wọ́n ń kà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, náà lè ṣe é. Ohùn èèyàn fún ewì àti ìtàn, ohùn ẹ̀rọ fún ìròyìn tó ń jáde lójoojúmọ́, wọn ò bára wọn jà. Kí áàpù máa rántí ibi tí wọ́n kà á dé, kó sì ní aago tó máa pa á fúnra ẹ̀ nítorí oorun.

Lọ́yà_Wùsé:
Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. ỌmọKúbwà, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi yìí o. Áàpù ò wọ́n wa. Áàpù tó ń ka EPUB tí TalkBack sì bá mu wà lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Ìwé ló wọ́n wa. Nígbà tí wọ́n bá fi ìwé Yorùbá ránṣẹ́ sí mi, PDF tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ni, mo ṣí i, NVDA á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń rí ojú-ewé igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fi ọdún kan ṣe áàpù tó rẹwà tí ìwé mẹ́ta wà nínú ẹ̀, bàbá á kà á tán lóṣù kan. Ẹ fi agbára yín ṣe ìwé tó mọ́, tí àkòrí ẹ̀ jẹ́ àkòrí tòótọ́ nínú kóòdù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn fi bold sí, kí n lè máa ti orí kan bọ́ sí òmíràn.

Ní ti òfin: Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, tó wà fún káwọn tí ò ríran lè rí ìwé kà, Nàìjíríà wọ inú ẹ̀ lọ́dún 2017, Copyright Act wa ti 2022 náà sì ní ibi tó sọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ò ríran. Àjọ tí kò wá èrè, tí òfin dá mọ̀, lè ṣe ẹ̀dà tá a lè kà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé, àwa tí a ò lè ka ìwé títẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè pín in fún, kì í ṣe kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Torí náà ẹ má dá a ṣe, ẹ bá àjọ rìn, kẹ́ ẹ sì lọ rí Nigerian Copyright Commission, Àbújá níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú kọjá 70 ọdún ò ní wàhálà yìí.

TíṣàBraille_Jọ́ọ̀sì:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, inú mi dùn, àmọ́ ẹ ò dárúkọ Braille. Ẹ dákun. Àgbàlagbà tí ojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lè fi etí kàwé títí ayé, ó ti mọ̀wé kọ tẹ́lẹ̀. Ọmọdé kọ́. A máa ń sọ ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn ní Yorùbá, ọmọ tó jẹ́ etí nìkan ló fi ń kàwé, ẹ ní kó kọ "ojú ọ̀nà" tàbí "nínú ilé", ẹ ó rí i pé kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí, torí kò fọwọ́ kàn án rí. Àmì mẹ́fà ni Louis Braille fi gbé gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ ní 1824, ó ń fún wa ní ìrísí 63, ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn ní ti wọn nínú Braille Yorùbá. Àwọn ọmọ tó wà níléèwé afọ́jú ní Gíńdírì àti Jábì nílò kí ìwé tẹ́ ẹ bá ṣe náà lè jáde ní Braille. Ẹ̀rọ Braille tó ń yọ àmì sókè fúnra ẹ̀ wọ́n gógó, àmọ́ TalkBack ti ní kíbọ́ọ̀dù Braille lórí ojú fóònù láti 2020, ẹ má ṣe àpótí ìkọ̀wé àdáṣe tí ò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìwé tí lẹ́tà ẹ̀ bá mọ́ bí Akọ́mọlédè ṣe sọ, Braille á rọrùn láti inú ẹ̀. Èyí tí ò mọ́, ẹ̀yin àti èmi la máa jọ jìyà ẹ̀.

ỌmọKúbwà:
Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín. A ti jókòó lé e lálẹ́ àná, ìwé la máa kọ́kọ́ ṣe, áàpù á dúró díẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Ìwé àtijọ́ tó jẹ́ pé ti orí pépà nìkan ló wà, ṣé ká ya fọ́tò ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà kà á? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé ohun tá a ṣe dáa?

Akọ́mọlédè_Zaria:
Tesseract, sọ́fítíwìà tó ń sọ fọ́tò ìwé di ọ̀rọ̀, ní Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi scanner ṣe é ní 300 dpi, fọ́tò tó wọ́ kò dáa. Á kó ọ̀rọ̀ jáde àmọ́ á máa jẹ àmì jẹ, ṣ á di s, ẹ á di e, àmì òkè á lọ. Ẹni kan gbọ́dọ̀ kà á pẹ̀lú ìwé gangan lọ́wọ́, kí ẹlòmíì tún fi etí gbọ́ ọ, torí àṣìṣe tí ojú fò, etí máa ń mú un.

Lọ́yà_Wùsé:
Ẹ má di ojú ara yín kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ ti dán an wò, ẹni tó di ojú fún ìṣẹ́jú márùn-ún ò mọ ohun tí ẹni tó ti fi ogún ọdún lò ó mọ̀. Ẹ wá àwọn tó ń lò ó lóòótọ́, ẹni tó fọ́jú láti kékeré, ẹni tí ojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ bíi ti bàbá, àfín, akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n lo fóònù tiwọn tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ san owó ọkọ̀, ẹ san owó dátà, ẹ fi nǹkan gidi lé e, torí iṣẹ́ ni. Tó bá ń lò ó, ẹ má sọ fún un pé "tẹ ibí yìí", ẹ panu mọ́, ibi tó bá ti dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi fi orí kan ṣoṣo nínú ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní EPUB bó bá ti jáde. Màá fi NVDA gbọ́ ọ, màá tún fi TalkBack gbọ́ ọ, gbogbo ibi tó bá ti há, màá kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ rí i.